Ìmọ̀ràn: Ta ló ti sùn mọ́jú ní tẹ́ńpìlì Búdà ní Japan?

Ìyá Tóló: Ẹ kú ilé o. Èmi àti ọmọ mi obìnrin ń lọ sí Osaka lóṣù Kọkànlá, ó sì wù wá ká sùn mọ́jú ní tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Onígbàgbọ́ ni wá. Ṣé wọn ò ní fipá mú wa jọ́sìn? Ibo ló dáa jù?

Ajíṣafẹ́: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, mà. Koyasan, ìlú kékeré kan tó kún fún tẹ́ńpìlì, ni kẹ́ ẹ lọ. Orí òkè ló wà, ó ga tó nǹkan bí 800 mítà. Àlùfáà Kukai ló dá a sílẹ̀ láti nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, tẹ́ńpìlì tó ń gba àlejò sùn níbẹ̀ sì tó nǹkan bí 50. Láti ibùdókọ̀ ojú irin Namba ní Osaka, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Nankai dé Gokurakubashi, kẹ́ ẹ wọ èyí tí wọ́n ń fi okùn irin fà gun òkè, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì. Ìsìn òwúrọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà, wọn kì í fipá mú àlejò. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké àdúrà wọn. Ìgbàgbọ́ mi ò yẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ffà: Ẹ̀gbọ́n ò tíì sọ ti oúnjẹ, òun ló sì dùn mọ́ mi jù! Kò sí ẹran, kò sí ẹja, wọn kì í tilẹ̀ fi àlùbọ́sà sí i. Tófù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìbátan awárà sóyà wa ni, àmọ́ òtútù ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́. Òmíràn wà tí wọ́n fi yànmọtí ṣe, ó ń yọ́ lẹ́nu. Ẹ tètè dé o, mà, torí wọn kì í pẹ́ gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání: ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, òtútù òkè yẹn kì í ṣe kékeré. Ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin wà lọ́tọ̀, àmọ́ ẹ ó jọ wẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ fọ ara mọ́ kẹ́ ẹ tó wọnú omi.

Àdùkẹ́: South Korea náà ní irú rẹ̀, ọdún 2002 tí wọ́n gbàlejò Ife Àgbáyé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìforíbalẹ̀ 108 wà lára ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀. Fún Ìyá Tóló, Koyasan ni mo fara mọ́.

Ìyá Tóló: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé wọ́n ń gba káàdì?

Ajíṣafẹ́: Òmíràn ń gbà, òmíràn kì í gbà. Ẹ bi wọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba yàrá, kẹ́ ẹ sì tètè gbà á, mà: ìgbà tí ewé igi ń pọ́n lèrò máa ń pọ̀ jù.