Ṣé ìbejì ìdílé ọkọ lè ti ara ìyàwó jáde?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Kábà nilé ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àbúrò ọkọ mi obìnrin náà bí tiẹ̀. Ni gbogbo wọn bá ń wo ikùn mi. Èmi kà á pé ẹyin méjì tí obìnrin tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń di irú ìbejì bẹ́ẹ̀, àti pé lọ́dún 2016 àwọn onímọ̀ tọ́ka sí jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) méjì, FSHB àti SMAD3, pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ṣé ti ọkọ mi ò kàn mí nìyẹn, àmọ́ ọmọbìnrin wa lè jogún ẹ̀? Ìyá bàbá mi ní Ìyàrà náà bí ìbejì o. Ṣé ó lè gba ara bàbá mi dé ọ̀dọ̀ mi?