Ìdí yàtọ̀ sí ẹ̀rí nínú àròkọ alárìíyànjiyàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ní "ẹ̀rí", kí ọ̀rọ̀-ìperí, ìyẹn orúkọ tí a ń pe àwọn ohun inú ẹ̀kọ́, má baà pọ̀ jù fún àwọn ọmọ. N kò fara mọ́ ọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé kò yẹ kí ọlọ́kadà máa ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Lágere mọ́ nítorí pé ọkadà léwu, ìdí ló sọ yẹn, kò tíì mú ẹ̀rí kankan wá. Ìgbà tó bá kọ ọ́ pé òun rí ọlọ́kadà tó kó èrò mẹ́ta láìdé akoto ni ẹ̀rí tó wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá wá pe méjèèjì ní ẹ̀rí, kí ni olùkọ́ fẹ́ kọ sí etí ìwé ọmọ náà?

Ní ti pípọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá orúkọ fún ohun inú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ṣé ìdí àti ẹ̀rí ni yóò wá wọ ọmọ girama lọ́rùn?

Nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìperí yòókù, "ìhà" tẹ́ mi lọ́rùn fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé. Òun náà ni àwọn ènìyàn ń lò bí wọ́n bá ń jiyàn.

"Àtakò" ló gba ìrònú. Ohun tí alátakò lè sọ ni àtakò. Ohun tí a ó fi dá a lóhùn kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn kan fẹ́ "jíjá àtakò ní koro", ṣùgbọ́n ẹni tí a bá já ní koro ti di òpùrọ́ lójú ayé, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo àtakò ni irọ́. Òótọ́ ni pé ọlọ́kadà ń bọ́ ìdílé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọṣẹ́ yóò gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì ṣàlàyé ìdí tí ìyẹn kò fi yí ìhà òun padà. "Èsì àtakò" ni mo fi ọwọ́ sí.

Kí á fi "ìpàrọwà" sílẹ̀ fún àròkọ tó fẹ́ mú òǹkàwé ṣe nǹkan, irú bíi lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́: àánú lè wọ ibẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lè wọ ibẹ̀, èyí tí n kò ní fún ní máàkì nínú àríyànjiyàn.