Lípsítíìkì àti àtíkè tó lè kojú ooru Ìlọrin: ẹ wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lára

Ìyàwó Tankẹ:
Sàlámù àlékúmù o, ẹ̀yin àǹtí mi. Ohun ìkunjú ojoojúmọ́ ni mo ń wá, kì í ṣe ti ọjọ́ yìgì. Kí n kùn ún láàárọ̀, kó ṣì wà lójú di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru wa yìí. Èwo nínú lípsítíìkì ni kì í tètè ṣí? Èwo ni kò ní bá àlùwàlá jà? Ti ojú náà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ ọjà fún mi, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe.

Alátíkè Ọjà Ọba:
Wàlékúmù sàlámù, àbúrò. Ètè ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Oríṣi mẹ́rin ló wà lórí àtẹ. Àkọ́kọ́ ni onígi, èyí tí à ń yí nídìí kó tó yọrí. Ìda àti òróró ni wọ́n fi ń pò ó, òróró làrà sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó rọ̀ létè, kì í jẹ́ kí ètè bó nígbà ọyẹ́, àmọ́ gbogbo ife tó o bá fẹnu kàn ló máa gba tiẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni olómi tó ń gbẹ, tí gbogbo wa ń pè ní matte. Ohun tó mú un ṣàn kì í ṣe omi, isododecane ni, tó máa ń fò lọ nínú afẹ́fẹ́ bí epo pẹtiróòlù ṣe ń fò lọ lọ́wọ́ ẹni. Tó bá ti fò lọ tán, àwọ̀ àti ohun kan bíi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ṣẹ́kù létè. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ran ife. Ìdí náà sì nìyẹn tí òróró fi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Mu omi, mu kókó, kò ní mì. Jẹ wàrà díndín mẹ́ta péré, kí o wá wo díńgí: àárín ètè á ti ṣí kalẹ̀, àwọ̀ á wá ṣẹ́kù sí etí bí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà yí ilé ká.

Ẹ̀kẹta ni gílọ́ọ̀sì. Ó ń dán, ó sì ń lẹ̀. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, gun ọ̀kadà láti Post Office dé Tankẹ, kí o wá fi ahọ́n kan ètè rẹ. Iyanrìn ni. Ẹ̀kẹrin ni tint, tó jẹ́ aró lásán. Àwọ̀ ló ń ran ètè, kò ní ara tí èèyàn lè fi èékánná họ kúrò.

Ìkùnkukùn ló sábà máa ń ba matte jẹ́, kì í ṣe ọjà. Po ìwọ̀n ṣíbí tíì kan ṣúgà mọ́ òróró àgbọn díẹ̀, fi ra ètè jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ṣàn án nù, kí o fi òrí pa á. Dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí o: wọ́n á kùn ún lé òrí yẹn lórí. Fi tíṣù nu òrí náà kúrò pátápátá, torí rọ́bà yẹn kò lè di ètè tó lọ́ràá mú. Fi pẹ́ńsù ètè fa etí rẹ̀. Kùn ún lẹ́ẹ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí o sì ya ẹnu díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ètè òkè má kan ti ìsàlẹ̀. Tó o bá fi ètè pa ètè kó tó gbẹ, ó ti bó nìyẹn. Má sì ṣe kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá nípọn ló ń sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Àǹtí Gàmbàrí:
Àlájà, ẹ kú iṣẹ́. Ibi kan péré ni mi ò ti bá yín lọ. Onígi náà máa ń pẹ́ tí a bá mọ̀ ọ́n kùn. Ẹ kùn ún, ẹ fi ètè tẹ tíṣù. Ẹ wá ya tíṣù mìíràn sí méjì, torí awẹ́ méjì ló máa ń jẹ́, ẹ fi awẹ́ kan bo ètè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn àtíkè lé tíṣù náà lórí, ìwọ̀nba tó máa gba ihò rẹ̀ kọjá. Ẹ ká tíṣù kúrò, ẹ tún un kùn. Àtíkè yẹn ló ń fa àpọ̀jù òróró mu. Kò ní pẹ́ tó matte, àmọ́ ètè kò ní gbẹ bí pákó. Ẹni tí ètè rẹ̀ ń bó kò nílò matte lásìkò ọyẹ́ rárá, kódà kí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Nípa onígi yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án oṣù Kẹta. Ẹ máa rí i tó ń làágùn, ẹ̀kán òróró wínníwínní lára rẹ̀. Kò tíì bàjẹ́ o. Òróró ló yọ lára ìda nítorí ooru. Ẹ kó o sínú fìríìjì, ẹ fi tíṣù nu ojú rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bí epo tó ti kan ni kẹ́ ẹ sọ nù.

Tó bá ṣẹ́ nídìí, ẹ fi iná láítà yọ́ ojú ibi tó ṣẹ́ lápá méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ fi ìdí ṣíbí ra ojú oríkèé rẹ̀ kó jọ́lọ̀, ó di inú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ẹ má yí i bọ inú ilé rẹ̀ kó tó dì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Kéwú:
Ẹ jẹ́ n dá ọmọ wa lóhùn lórí àlùwàlá. Ètè tó hàn síta nígbà tí ẹnu bá pa dé wà lára ojú, omi sì gbọ́dọ̀ kàn án. Ohun tó bá ní ara tó ń dí omi gbọ́dọ̀ kúrò kí a tó ṣe àlùwàlá. Ohun tó jẹ́ àwọ̀ lásán, bíi làálì, kò dí nǹkan kan. Fi èyí wọn ohun tí Àlájà kà sílẹ̀: tint dà bíi làálì. Matte ń dí omi. Onígi àti gílọ́ọ̀sì nípọn, ọ̀rá sì ni wọ́n, nù wọ́n kúrò.

Matte kì í gbọ́ ti omi àti ọṣẹ. Fi òróró àgbọn tàbí òrí pa á, ka ọgbọ̀n, kí o wá fi tíṣù nù ún láti etí wá sí àárín, kí o tó fọ ọ̀rá náà nù. Má fi èékánná bó o, awọ ètè ló máa bá a lọ. Bẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ “breathable” sára páálí, ẹ má tìtorí ìyẹn fọkàn balẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ gba ibì kan kọjá yàtọ̀ sí kí omi gbà á. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó bi àlùfáà rẹ̀.

Ohun tó rọrùn jù fún ẹni tó ń jáde: ṣe àlùwàlá tán kí o tó kunjú, kí o lo tint, kí o kó tíṣù àti òrí kékeré sínú báàgì de Súúrì, ìrun ọ̀sán.

Ìyàwó Tankẹ:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin màmá wa. Tí mi ò bá ní pẹ́ńsù ètè, ṣé mo lè fi tìróò fa etí rẹ̀? Mo ń rí i lójú àwọn kan.

Alátíkè Ọjà Ọba:
Rárá o, àbúrò! Òkúta tó kún fún òjé ni wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ tìróò, májèlé sì ni òjé. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tó wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń fi sójú ọmọ náà wò, òjé inú rẹ̀ lé ní 80 nínú 100. Ojú lásán nìyẹn. Ti ètè, ṣe ni wàá máa lá a mì. Ra pẹ́ńsù aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC sí lára. Kò wọ́n.

Ìyá Ọ̀fà:
Ó kù ti ojú. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè pọ̀ sí.

Àwọ̀ ni àkọ́kọ́. Ẹ má dán fáńdéṣọ̀n, ìkunjú aláwọ̀ ara, wò lẹ́yìn ọwọ́, ọwọ́ àti ojú kì í sábà dọ́gba. Ẹ fa ìlà mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, ẹ jáde kúrò lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù lọ síta, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn kan máa ń dúdú sí i tí wọ́n bá ti pàdé òróró ara, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú tó mọ́ láàárọ̀ di rọ́sítì lọ́sàn-án. Èyí tó bá pòórá sára ni tiyín. Tí ojú bá dà bí ẹni fẹ́ eérú sí, kì í ṣe pé àwọ̀ náà mọ́ jù nìkan, ó lè jẹ́ pé ó ní pupa òyìnbó nínú nígbà tí ara yín ń fẹ́ èyí tó fà sí ìyeyè. Ti aláwọ̀ dúdú kò ṣọ̀wọ́n mọ́. House of Tara tí Tara Fela-Durotoye dá sílẹ̀ lọ́dún 1998 ní tiwa, nígbà tí Fenty ti olórin Rihanna sì jáde lọ́dún 2017, àwọ̀ 40 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni kí nǹkan méjì má kọ ara wọn. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò. Tí ẹ bá rí dimethicone tàbí cyclopentasiloxane lókè pátápátá, silicone, ohun tó ń yọ̀ tí kì í pò mọ́ omi, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Primer, ìyẹn ìpara tí à ń fi ṣáájú fáńdéṣọ̀n kó lè dúró, tó bá jẹ́ silicone lábẹ́ fáńdéṣọ̀n tó jẹ́ omi lásán, máa ń ká jọ wínníwínní bí ìdọ̀tí ara. Ẹ lo irú kan náà, ẹ sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó kan èyí tó kàn.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí: ẹ fọjú, ẹ fi ìpara, ẹ fi sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, ìwọ̀n gígùn ìka méjì sí ojú àti ọrùn, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. SPF, ìyẹn agbára ìdènà oòrùn, tó wà nínú àtíkè kò tó, torí kò sẹ́ni tó ń fi àtíkè nípọn tó bẹ́ẹ̀. Primer, iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan, ibi tí òógùn ti ń yọ. Fáńdéṣọ̀n tó tó ẹ̀wà kan fún ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí i pé kò bo àpá kan, concealer ni kí ẹ kán sójú àpá yẹn, ẹ má tún gbogbo ojú kùn. Ojú tí wọ́n kùn nípọn ni òógùn ń ya ní ọ̀nà odò.

Fóòmù yín, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó wú, ẹ fún un dáadáa nínú tíṣù, ẹ máa fi tẹ ojú, ẹ má fà á. Èyí tó bá gbẹ ló ń mu fáńdéṣọ̀n yín tán. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìlò, ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe inú páálí. Ẹ fi ọ̀bẹ la ògbólógbòó kan, ẹ máa rí ewú dúdú nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ti tó o.

Àtíkè oníyẹ̀fun dára fún ojú olóróró, alámọ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ sínú páálí, ló dára fún báàgì. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ya fọ́tò alẹ́, ẹ fi fóònù ya ara yín nínú òkùnkùn pẹ̀lú fíláàṣì kí ẹ tó jáde. Àtíkè funfun tó ní silica máa ń tan iná padà, ojú á wá funfun bí ti egúngún.

Ìyàwó Tankẹ:
Àǹtí, alámọ̀ tèmi ti le. Búrọ́ọ̀ṣì kì í rí nǹkan bù mọ́, àárín rẹ̀ ń dán.

Ìyá Ọ̀fà:
Òróró ojú ni, inú fóòmù ló gbà bọ́ síbẹ̀. Lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ń dán, tẹ̀ ẹ́, ká a kúrò. Ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, awọ òkè yẹn á bá a jáde. Fọ fóòmù rẹ kó o tó tún kàn án. Wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ náà, wàá rí àwòrán ìkòkò tó ṣí sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 24M síbẹ̀, ọdún méjì ni láti ọjọ́ tó o ti ṣí i.