Fíláàṣì àtúnṣe mi ò gbé (bọ́ọ̀tù) lórí láptọ́ọ̀pù oníbàárà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fi Ventoy (ètò tó ń jẹ́ kí fíláàṣì kan ṣoṣo lè bọ́ọ̀tù oríṣiríṣi ètò) sí fíláàṣì 32GB, mo kó àwọn irinṣẹ́ àtúnṣe bíi SystemRescue, Clonezilla àti Memtest86+ sí i. Wẹ́rẹ́ ló ń gbé lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí oníbàárà gbé wá lánàá kọ̀ jálẹ̀, "Verification failed" ló ń kọ. Mo pààrọ̀ ojú USB, mo fi Rufus (ètò tí a fi ń ṣe fíláàṣì tó lè bọ́ọ̀tù) kọ SystemRescue nìkan sórí fíláàṣì mìíràn, pàbó. Mo lè pa Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò ní àmì ìfọwọ́sí bọ́ọ̀tù) o, àmọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dátà inú díìsìkì pa) wà níbẹ̀, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí mo bá pa á, oníbàárà ò sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an ni.

Báwo ni mo ṣe lè gbé fíláàṣì yìí láìpa Secure Boot? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.