Báwo ni mo ṣe lè bá àwọn nọ́ọ̀sì abẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ rípọ́ọ̀tì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ni mo ń bójú tó wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ mi mọ iṣẹ́, wọ́n sì láàánú aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú ìwé rípọ́ọ̀tì, ṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ lórí WhatsApp. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ohun tí mo bá nínú ìwé ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú nìyí: “Pt slept wella. BP ok. Drugs given. Dr aware.” Ó tán. BP yẹn, mélòó ló jẹ́? Oògùn wo, ní aago mélòó? Dókítà wo ló gbọ́, kí ni wọ́n sì sọ fún un? Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ sílé, ó ti pa fóònù, ó ń sùn. Bàbá tí wọ́n ń sọ yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó tún ní àtọ̀gbẹ.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn dókítà wa náà máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù wọ́ọ̀dù: “Ẹ bá mi fún ìyá bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní oògùn ìrora yẹn.” Èwo nínú oògùn ìrora? Mo sọ̀rọ̀ nípàdé, gbogbo wọn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọ̀kan ní mo fẹ́ sọ wọ́ọ̀dù di kíláàsì òyìnbó. N kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni, n kò sì fẹ́ kó dà bíi pé mo ń rí dókítà fín. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é?

Apòògùn, Abẹ́òkúta

Àǹtí, ẹ má jáwọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n mú insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, nìkan. Bí ẹnì kan bá kọ “4U”, ìyẹn yúníìtì mẹ́rin, tí lẹ́tà U yẹn rí roboto díẹ̀, 40 ni ẹlòmíì máa kà. Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Ṣúgà aláìsàn á já wálẹ̀, ó sì lè má jí mọ́. Irú èyí ló mú kí Joint Commission, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé àwọn ìkékúrú tí wọn kò gbọdọ̀ lò jáde ní 2004. U wà níbẹ̀. QD náà wà níbẹ̀, torí wọ́n máa ń kà á sí QID, oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ á wá di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní kí a kọ 1 mg, kí a má kọ 1.0 mg, torí bí pọ́íǹtì yẹn kò bá hàn, 10 ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn.

Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́, Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa méjì là ń tọ́jú ogún aláìsàn lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ọwọ́ ti ro wá. Ìbẹ̀rù wà ńbẹ̀ pẹ̀lú: bí mo bá kọ ọ́ gùn, tí mo ṣi òyìnbó kọ, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí tí àwa kan fi ń gé e kúrú nìyẹn. Ẹ bá wa ya méjèèjì sọ́tọ̀, mà. Ẹ gbójú kúrò lára “wella”, ẹ dì mọ́ aago àti iye oògùn tí kò sí níbẹ̀.

Mátróònù tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ọmọ yìí sọ òótọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ló sọ. Ẹni tó kọ “slept wella” kò pa ẹnikẹ́ni lára. “BP ok” ló léwu.

Ẹ pe ọmọ náà ní òun nìkan, kì í ṣe nípàdé. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ tún rípọ́ọ̀tì yẹn kọ: “Bàbá sùn láti aago 11 alẹ́ sí aago 5. BP ní aago 6 jẹ́ 150/90. Mo fún wọn ní amlodipine 10 mg ní aago 10 alẹ́. Ṣúgà ní aago 6 jẹ́ 118. Mo pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago 6:15 nítorí BP, ó ní ká tún un wọ̀n ní aago 8.” Òyìnbó kékeré ló máa gbé gbogbo èyí. Àwa máa ń lo SBAR: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ló ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni mo rí, kí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ló ti wá, kí àwọn ará Kaiser Permanente, iléeṣẹ́ ìlera kan níbẹ̀, tó mú un wọ ilé ìwòsàn.

Ní ti dókítà, ẹ má bá wọn fà á nínú gúrúùpù láéláé. Ẹ lọ bá ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì, kí apòògùn yín bá yín lọ. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún òfin kan péré: bó bá jẹ́ pàjáwìrì, kí dókítà pè, kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, kó kà á padà sí i létí, kí dókítà wá buwọ́ lù ú bó bá ti dé.

Lọ́yà, Èkó

Ẹ fi èyí kún un nígbà tí ẹ bá ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba àmójútó àrà ọ̀tọ̀, National Health Act ti 2014 sì ti sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé kóòtù, abala 84 nínú Evidence Act ti 2011 fàyè gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ohùn WhatsApp yẹn lè di ohun tí wọ́n máa gbé síwájú adájọ́, láìsí nǹkan kan nínú fáìlì tó máa gbèjà nọ́ọ̀sì.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Màá pe ọmọ náà lọ́la, màá sì lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ẹtì. Apòògùn, ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí U àti QD, èwo ni kí n tún fi sókè gàdàgbà lára kọ́bọ́ọ̀dù?

Apòògùn, Abẹ́òkúta

µg, mà. Wọ́n máa ń kà á sí mg, ìyẹn ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Kí wọ́n kọ microgram ní kíkún, pàápàá fún digoxin (oògùn ọkàn) àti levothyroxine (oògùn thyroid).