Omi gun Òkè Patti: ìdí tí a fi ń sọ gbogbo datatype MPI wa lórúkọ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin akẹgbẹ́. Níbi iṣẹ́ wa ní Àbújá, a ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣírò bí omi ṣe ń kún ní agbègbè Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Gbogbo wa la rántí ìkún-omi ọdún 2012 àti ti 2022 níbẹ̀, nítorí náà a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èsì tí ètò yìí bá gbé jáde. MPI ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ìlànà tí àwọn ètò tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fi ń fi dátà ránṣẹ́ sí ara wọn. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ègé-ègé, process kọ̀ọ̀kan (ẹ̀dà ètò náà kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀) ń mójú tó ègé tirẹ̀, wọ́n sì ń fi ìjìn omi tó wà létí ààlà ránṣẹ́ sí ara wọn kí ìṣirò tó tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí a fi process kan ṣoṣo dán an wò, èsì rẹ̀ gún régé. Nígbà tí a gbé e sórí process 16, àbúrò wa kan pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan. Omi ti gun Òkè Patti.” Òkè tó ga ju gbogbo ìlú Lọ́kọ́ja lọ nìyẹn. Síbẹ̀ MPI kò kéde àṣìṣe kankan.

Ìdí tí MPI fi dákẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 lọ́nà 500, a sì fi ìlà kan kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti fi gba ti aládùúgbò, tí ìlà ìbú kan fi wá gba àyè 502 nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Datatype ni àpèjúwe tó ń sọ fún MPI irú dátà tí a ń fi ránṣẹ́ àti bí ó ṣe tò nínú ìrántí. Méjì ló wà: ti ìlà ìbú jẹ́ double (nọ́ńbà onídẹ́símà) 500 tó tò tẹ̀léra, ti ìlà òòró, tí wọ́n fi MPI_Type_vector dá, jẹ́ double 500 náà, ṣùgbọ́n àyè 502 ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Òfin MPI béèrè pé kí irú ohun tí a fi ránṣẹ́ bá ti olùgbà mu, kí iye rẹ̀ má sì ju èyí tí olùgbà ń retí lọ. Kò béèrè pé kí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà tò ó jọra. Bí olùgbà bá fi datatype òòró gba ìlà ìbú tó ti àríwá wá, ohun tó yẹ kó wà ní ìlà òkè pátápátá yóò tò lọ sísàlẹ̀ ní etí ìwọ̀-oòrùn ègé náà, yóò sì pa ìjìn omi tòótọ́ rẹ́.

Inú array kan ni àwọn datatype yìí wà, tí wọ́n ń gbé lọ sínú function, nítorí náà ojú lásán kò lè mọ èyí tó wọlé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde, nọ́ńbà lásán ni MPICH ń fi hàn, àdírẹ́sì ìrántí sì ni ti Open MPI (àwọn méjèèjì jẹ́ ètò tó ń mú ìlànà MPI ṣiṣẹ́). Ìgbà náà ni mo lo MPI_Type_set_name, tó ń sọ datatype lórúkọ, tó sì ti wà láti MPI-2 (ẹ̀dà kejì ìlànà náà) ti ọdún 1997. Mo sọ ọ̀kan ní “ijin_ila_ibu”, mo sọ èkejì ní “ijin_ila_ooro”, mo sì ní kí process kọ̀ọ̀kan fi MPI_Type_get_name tẹ orúkọ jáde kó tó gba nǹkan. Ní ibi tí ó ti ń gba ti àríwá, “ijin_ila_ooro” ló jáde. A tún ipò àwọn datatype inú array náà tò, omi sì padà sínú odò.

Ní tèmi, bí dátà ṣe tò ni ó yẹ kí orúkọ sọ, kì í ṣe ìhà tó ń lọ, nítorí datatype òòró kan náà ló ń sìn ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀dọ̀ process tó sọ orúkọ náà nìkan ló ń wà, nítorí náà gbogbo wọn ni kó sọ ọ́. Ẹni tó bá ń kọ C, kí ó fi ìwọ̀n MPI_MAX_OBJECT_NAME sílẹ̀ fún orúkọ tó fẹ́ kà. MPI_INT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn datatype tó bá MPI wá, ti ní orúkọ tiwọn, ṣùgbọ́n òfìfo ni datatype tí a dá fúnra wa máa ń dá padà títí a ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé MPI_Type_dup, tó ń ṣe ẹ̀dà datatype, láti gbé orúkọ dání; lẹ́yìn rẹ̀, ó dára kí a tún un sọ.