Jẹjẹrẹ ahọ́n ni màmá mi ní, kí ló dé tí wọ́n tún fẹ́ la ọrùn wọn?

Ọmọ Ìyá:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ahọ́n màmá mi. Dókítà ní àwọn máa gé ibẹ̀ kúrò, mo sì fara mọ́ ọn, torí èmi fúnra mi rí egbò náà: etí rẹ̀ le gbagidi, ó sì kọ̀ kò jinná. Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n tún fẹ́ la ọrùn, kí wọ́n kó àwọn kókó inú rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ scan kò rí nǹkan kan lọ́rùn, èmi náà sì fọwọ́ wá a títí, n ò kan kókó kankan. Ẹ̀rù ń ba màmá pé apá wọn á rọ, ojú wọn á sì wọ́. Àbúrò mi ní kí wọ́n gé ti ahọ́n nìkan ná, pé bí ọrùn bá wú lọ́jọ́ iwájú, ká padà lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gba ti àbúrò yín lórí èyí. Àwọn kókó kéékèèké wà lọ́rùn gbogbo wa, ẹni ara le àti aláìsàn. Àwọn ni asẹ́ tí omi ara tó ń ti ẹnu àti ọ̀fun bọ̀ ń gbà kọjá. Bí jẹjẹrẹ ahọ́n bá fẹ́ rìn, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ó lè ti wọ inú kókó kan kó má tíì tóbi tó ohun tí scan á rí, ká má tíì wá sọ ọwọ́ lásán. Bí ó bá ṣe jìn wọ inú ahọ́n tó ni ìfura yẹn ṣe ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ “ká dúró ná” yẹn, wọ́n ti dán an wò. Ní ilé ìwòsàn Tata Memorial ní Mumbai, ní Íńdíà, wọ́n pín àwọn tí jẹjẹrẹ ẹnu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kókó ọrùn wọn kò sì tíì wú, sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ṣe ti ọrùn pọ̀ mọ́ ti ẹnu fún apá kan. Apá kejì dúró dìgbà tí nǹkan bá yọ lọ́rùn. Èsì jáde ní 2015. Lẹ́yìn ọdún 3, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n ṣe tiwọn pọ̀, 80 ló wà láàyè. Lápá àwọn tó dúró, ó lé díẹ̀ ní 67. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré rárá.

Ọmọ Onílé:
Ẹ ṣọ́ra o. Mo gbọ́ pé bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa ń tàn ká. Ẹ kọ́kọ́ wá àgbo.

Ìyá Ìbejì:
Rárá o, àbúrò. Ẹni tí àrùn ti wọ̀ lára kó tó dé ilé ìwòsàn, bó bá kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀bẹ ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹni tó ń fi àgbo dánra wò. Ẹ jọ̀wọ́, ọkàn ẹni tó ń béèrè yìí ò balẹ̀.

Bàbá Kékeré:
Wọ́n ṣe é fún mi, lápá ọ̀tún. N ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo jí, rọ́bà kan yọ lọ́rùn mi, ó ń fa omi pupa sínú ike kékeré kan. Ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì ń wọn omi náà, ìgbà tó dín kù gan-an ni wọ́n tó yọ rọ́bà. Ìrora ọrùn kò tó bí mo ṣe rò. Etí ló yà mí lẹ́nu: láti ìsàlẹ̀ etí dé abẹ́ àgbọ̀n kú pátápátá. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n, àfi kí n rí ẹ̀jẹ̀ kí n tó mọ̀ pé abẹ ti gé mi. Ó ti ń sọjí, àmọ́ ojú ibì kan ṣì wà tí kò mọ nǹkan kan lára. Ojú mi ò wọ́. Ètè ìsàlẹ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ. Èjìká ló dà mí láàmú jù, n ò lè nawọ́ sá aṣọ sórí okùn.

Ẹ̀gbọ́n Físíò:
Irú èjìká bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ní 1906, George Crile, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn yìí. Tirẹ̀ ni kíkó gbogbo rẹ̀: kókó, iṣan gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá, títí kan fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí èjìká. Ẹ̀rù apá rírọ ò ṣẹ̀yìn èyí. Lóde òní, bí jẹjẹrẹ kò bá lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n máa ń dá wọn sí, kókó ibi tó yẹ nìkan ni wọ́n á kó. Ìpele ni wọ́n ń pe àwọn apá tí wọ́n pín kókó ọrùn sí. Ẹ bi dókítà ní pàtó: “Kókó ìpele wo lẹ fẹ́ kó? Ṣé ẹ máa dá fọ́nrán èjìká sí?”

Bí wọ́n tilẹ̀ dá a sí, bí wọ́n ṣe tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè mú kó rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Kí màmá má gbé ẹrù wúwo lápá yẹn. Bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé apá náà ró. Bí dókítà bá ti yọ̀ǹda, kí wọ́n dúró ti ògiri, kí wọ́n máa fi ìka rìn gòkè díẹ̀díẹ̀. Èjìká tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nítorí ìrora máa ń gan, àtitú u sì máa ń ṣòro.

Ọmọ Ìyá:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti bi dókítà. Ìpele 1 sí 4 ni wọ́n fẹ́ kó, wọ́n sì ní àwọn máa dá fọ́nrán èjìká sí àfi bí àwọn bá bá ohun mìíràn níbẹ̀. Màmá ti gbà. Ọ̀rọ̀ Mumbai yẹn ni mo kà fún àbúrò mi tó fi dákẹ́. Kí ló yẹ ká máa ṣọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Ìyá Ìbejì:
Inú mi dùn o. Nítorí pé apá òsì ni, ẹ máa wo ike omi yẹn dáadáa tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Òpó kan wà nísàlẹ̀ ọrùn lápá òsì tó ń gbé ọ̀rá inú oúnjẹ lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ń jò, omi inú ike á funfun bíi wàrà, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Bí ọrùn bá ṣàdédé wú tàbí èémí ò lọ dáadáa, ẹ pariwo pe ẹni tó bá wà nítòsí.

Ẹ má sì gbàgbé láti béèrè èsì àwọn kókó tí wọ́n kó. Òun ló máa sọ bóyá màmá á nílò ìtọ́jú onítànṣán. Bí wọ́n bá nílò rẹ̀, kó má pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí náà ẹ ti jẹ́ kí dókítà eyín yẹ ẹnu wọn wò báyìí. Eyín tó bá yẹ kí wọ́n yọ, ó sàn kí wọ́n yọ ọ́ ṣáájú ìtànṣán.